Oògùn Ẹ̀wà Nínú Ilé Opó

Ojo ni mí. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn tí a jọ ń gbé ní Yantala, nílùú Niamey, náà mọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri. Bí mo bá gbóòórùn gáàsì pẹ́rẹ́, ilé wa kò ní jẹ oúnjẹ gbígbóná mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ti ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ òun alára kì í ṣe ojo.

Ará Ìlọrin ni bàbá mi. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú níwájú ilé wa ní Zongo. Bí oòrùn bá ti mú, á di oníṣòwò ẹ̀wà. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Dosso, á kó o jọ sínú àká tó wà nínú ilé wa, títí ọkọ̀ yóò fi gbé e sọdá ààlà lọ sílé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn. Lójú tiwọn, ọjà tí olówó rẹ̀ kò bá sùn tì, olè ló ni ín.

Ẹ̀wà kì í dá nìkan ti oko dé. Kòkòrò rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kó tó wọ àpò. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìyẹ̀fun àti ihò nìkan á fi kù fún ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláàká fi ń lo oògùn ẹ̀wà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní maganin wake. Kóró rìbìtì ni, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, inú agolo tí wọ́n dé pinpin ló sì máa ń wà. A kì í pò ó mọ́ nǹkan kan. Bí agolo bá ti ṣí, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti tó o; á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín tí ojú kò lè rí. Èéfín yẹn ló ń pa kòkòrò, kò sì mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá fẹ́ lò ó, gbogbo ilé ló ń kó jáde. Ẹní, ìkòkò, kẹ́tù, títí kan àwọn adìẹ, gbogbo rẹ̀ la ó dì sínú takisí, ó di afárá Kennedy, ó di Harobanda ní òdì kejì odò, ilé àbúrò ìyá mi. Bàbá mi ló máa ń jáde kẹ́yìn. Á fi láwàní bo imú, á kó oògùn sáàárín àwọn àpò, á ti ilẹ̀kùn àká, á ti ilẹ̀kùn yàrá, á sì so àwọn kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún ni àwa ọmọdé ń pè é nínú ọkàn wa. Nígbà kan mo gbàgbé bàtà ilé ìwé mi sínú yàrá, mo sunkún títí kó jẹ́ kí n lọ mú un. Ó bi mí pé, "Bàtà lo fẹ́ lọ mú bọ̀, àbí ikú?" Sálúbàtà àbúrò ìyá mi, tó tóbi jù mí lọ, ni mo wọ́ lọ sílé ìwé títí a fi padà sílé.

Ó ní ìdí tí kò fi ń fi ṣeré. Yàrá tí òun àti ìyá mi ń sùn kò jìnnà sí àká. Ògiri kan ló pín wọn, ògiri náà kò sì dé òkè. Láàárín orí rẹ̀ àti páànù òrùlé, àlàfo kan wà tí ológbò lè gbà kọjá. Bàbá mi máa ń na ọwọ́ sí i, á ní, "Ibẹ̀ ni ikú á gbà wá bá wa." Lẹ́yìn náà á fi òwe tì í: "Ìbẹ̀rù ejò ni kò jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀."

Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè ra oògùn náà lọ́jà. Wọ́n ń dì í sínú bébà bíi súìtì. Àwọn kan fi ń pa eku, àwọn mìíràn ń fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdun, àwọn ìyẹn ni wọn kì í jí. Nígbà tí òkú pọ̀, ìjọba fòfin dè é. Kò gbọdọ̀ sí i lórí àtẹ mọ́, kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dè é pátápátá, kí ni a ó jẹ? Wọ́n wá yọ àwọn aláàká sílẹ̀: ẹni tó bá ní àká, tó sì gba ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní dẹrogasiọ̀n, lè lò ó. Òṣìṣẹ́ tó wá yẹ àká wa wò wo ògiri yẹn títí, ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé náà títí wọn yóò fi ṣí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun ti ń ṣe kó tó di òfin ni wọ́n kọ fún òun. Ó kan ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àká.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ti ààlà pa. Ọkọ̀ ẹ̀wà dúró ní Gaya, kò lè sọdá. Àwọn àpò tí kì í pẹ́ nílé wa rí wá kún àká dé òkè. Bàbá mi ò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ń rù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun mọ̀ńgàríbì, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Ìyá mi wọ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni òfin ẹ̀sìn wa fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú: kò ní lo ọ̀ṣọ́, kò ní jáde kúrò nílé ọkọ rẹ̀ láìnídìí, ilé náà ni yóò sì máa sùn. Yàrá àwọn méjèèjì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, ló jókòó sí. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá kékeré, ló wá ń bójú tó ọjà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú yàrá kan ní òdì kejì àgbàlá, lábẹ́ òrùlé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ènìyàn dáadáa ni, aláwàdà. Ìyá Yantala ló ń pè mí, bí mo bá sì ti wọlé á ní kí wọ́n kó ẹyin kúrò nílẹ̀ kí n má baà fi ẹ̀rù tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ìgbà òjò ni. Mo wá kí ìyá mi lẹ́yìn àílà lọ́jọ́ kan, mo sì bá Bàbá kékeré níwájú àká, ó fi láwàní di imú, ó ń lẹ tépù mọ́ etí ilẹ̀kùn. Agolo òfìfo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Agolo náà pọ̀ ju iye tí bàbá mi máa ń lò lọ. 

"Bàbá, ṣé oògùn lẹ kó sí i?"

"Òun ni. Kòkòrò ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán, ìyá Yantala. Bí o bá fetí sí àpò, wàá gbọ́ ìró wọn."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá rẹ wà ní yàrá. Mo bi í, ó ní òun ò lọ síbì kankan, opó lòun."

"Ẹ̀yin náà sì lọ ṣí agolo?"

Ó na ọwọ́ sí ìwé ara ògiri. "Pápíyè nìyẹn. Ìjọba ló ní ká lò ó."

"Ìjọba yẹn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀."

"Ta ló fẹ́ sùn sínú àká? Ṣé àárín àpò ni ìyá rẹ ń sùn ni?" Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Wò ó, ogún ìyá rẹ ni mò ń ṣọ́. Bí ẹ̀wà yìí bá di ìyẹ̀fun, kí ni màá kó lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá bọ́ aṣọ opó?"

Mo ní kó wọlé lọ kó o jáde. Ó ní ẹni tó bá wọbẹ̀ báyìí kò ní jáde. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo yà sí yàrá. Òórùn kan wà níbẹ̀ bíi ti aáyù, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kì í fi aáyù sí ọbẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi àtàńpàkò tẹ iwájú orí. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó ní oòrùn ni. Mo gbójú sókè wo àlàfo orí ògiri. Bàbá kékeré ti fi àkísà dí i, àkísà náà kò sì dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.  Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde ká lọ sí Harobanda.

"Ilé àbúrò mi kì í ṣe ilé ọkọ mi," ló wí.

"Ìyá, ikú wà lórí ògiri yìí."

"Ikú tó wá mú bàbá rẹ, ṣé orí ògiri ló gbà? Ọjọ́ tí mo máa lò fún ọkọ mi kò tíì pé. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé n kò lè jókòó fún un."

Mo ní bí kò bá lọ, èmi náà kò lọ, ibẹ̀ ni èmi àti òun yóò jọ sùn. Ó wò mí, ó mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni. Ó ní kí n lọ bi àáfà léèrè. Bí àáfà bá ní kí òun lọ, òun á lọ.

Àáfà àgbà kan wà tí òun àti bàbá mi jọ wá sí Niamey nígbà ọ̀dọ́. Abẹ́ igi dongoyárò níwájú mọ́sáláṣí ló máa ń jókòó sí. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò lè mí dáadáa. Mo rò ó fún un, oògùn, ògiri, opó. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Bí ilé bá fẹ́ wó lu opó, ṣé kó jókòó dè é ni?" ló wí. "Ọlọ́run kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Làrúrà ni, ọ̀ràn ẹ̀mí. Ẹ mú un lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, kó padà sílé ọkọ rẹ̀, kó parí èyí tó kù. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀."

Mo sọ fún un pé ìyá mi kò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ó bọ́ tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, ó fún mi. Gbogbo Zongo mọ tẹ̀sùbáà náà, ó dúdú, okùn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti já níbì kan tí wọ́n fi òwú pupa so. Bí mo ti ń padà, inú ń bí mi láàárín ẹ̀rù. Ìjọba yọ̀ǹda fún ẹ̀wà, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún opó, ìyá mi nìkan ni kò yọ̀ǹda fún ara rẹ̀.

Ìyá mi gba tẹ̀sùbáà, ó yí i wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá rẹ náà ló máa ń kó wa lọ." Ó dìde, ó ní kí n di aṣọ, kí n sì bá òun pe Bàbá kékeré wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, jẹ́ẹ́, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," bí obìnrin ilé ti ń pe àbúrò ọkọ. Mi ò gbọ́ ìyókù. Ẹní àti kẹ́tù ni mò ń kó. Ara mi ti fúyẹ́, mo kàn fẹ́ ká kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá kékeré ní kí ìyàwó òun tẹ̀ lé wa, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo bá opó rìn lójú ọ̀nà. Bí a ti ń wọ takisí, mo bi ìyá mi bóyá kí n ti ilẹ̀kùn yàrá. Ó ní, "Fi sílẹ̀, wọ́n á bá wa tì í." Ó fi ìborùn bojú, kò wo ẹ̀yìn. Lórí afárá, odò kún, omi rẹ̀ pupa, àwọn tó ń fọ aṣọ ń kó aṣọ wọn kúrò létí bèbè nítorí ojú ọ̀run ti ṣú. Ìyàwó Bàbá kékeré ń bá wa ṣàwàdà pé ọkọ òun á jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tọ́ sí i.

Òjò dé bí a ti ń kírun íṣà. Páànù ilé àbúrò ìyá mi ń han bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta lé e lórí. Ìyá mi kò lè jẹun.

"Òjò yìí, ṣé ó dé Zongo?"

"Odò ló wà láàárín, Ìyá. Ó dé ibẹ̀."

"Ṣé ó pọ̀ tó báyìí níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n pe Bàbá kékeré lórí fóònù. Kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òjò bá ti ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ń ṣe. Ìyá mi ní kí n tún pè. Mo pè é títí ó fi sú mi, mo sì rò pé àká tó lè jò ni ìyá mi ń rò. Ó mú tẹ̀sùbáà àáfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èmi ojo, èmi tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti mú ìyá mi jáde. Mo sùn fọnfọn.

Lẹ́yìn àsùbáà, ìyàwó Bàbá kékeré ṣáájú lọ kó lè po ẹ̀kọ kóòkó fún ọkọ rẹ̀. A ṣì wà lórí ẹní nígbà tí fóònù mi dún. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó náà, mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, kí n má mú ìyá mi dání. Mo fi fóònù sílẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ.

Ìyá mi ló sọ ọ́. "Inú yàrá mi ni ìyàwó rẹ̀ ti bá a, àbí?"

Mo bi í bí ó ti ṣe mọ̀.

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀ á dahoro. N kò fẹ́ kó dahoro lójú mi." Ó gbá tẹ̀sùbáà mọ́ àyà. "Iwájú ilẹ̀kùn ló ní òun máa tẹ́ ẹní sí. Ìta. Òjò ló lé e wọlé."

Àwọn aládùúgbò ti gbé e jáde sí àgbàlá nígbà tí mo dé. Ó ṣì ń mí. Ó ti ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́rí kí òjò má baà fẹ́ wọlé, ọ̀rinrin òjò sì ti jí gbogbo oògùn inú àká. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá, mo rí ọmọńlé méjì tó já bọ́ láti ara ògiri sórí ẹní tí ìyá mi máa ń sùn lé, wọ́n dojú sókè. Mi ò wọlé. A gbé Bàbá kékeré dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pe ìrun àílà, ó ti kú.

A sin ín lọ́jọ́ náà. Ìyá mi sọdá wá, ó jókòó sí àgbàlá, lọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá kékeré, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó bẹ ọkọ rẹ̀ fún un. Opó méjì ló wà lórí ẹní kan báyìí, wọn kò wo ojú ara wọn.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ìbomú bo ojú. Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi han ẹnìkejì rẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ ti kú tán, ọ̀pọ̀ ẹ̀wà náà ṣì mọ́ tónítóní. Ó dà á padà. Ó já ìwé ìyọ̀ǹda bàbá mi kúrò lára ògiri, ó ká a sápò. Ó wá fi èdè Zarma sọ fún wa pé kí gbogbo wa kúrò nílé náà, àti yàrá òdì kejì àgbàlá pàápàá, títí àwọn yóò fi padà wá. Ojú tó fi wo aṣọ opó wọn fi hàn pé ó mọ ohun tó ń ní kí wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, kò sì sẹ́ni tó ní ká lọ bi àáfà.

Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ìta. Mo tì í, mo mì í wò, mo tún mì í wò. Takisí gbé wa, ìyàwó Bàbá kékeré jókòó láàárín èmi àti ìyá mi. Kò ṣàwàdà mọ́. Nígbà tí a dé àárín afárá, ìyá mi sọ̀rọ̀ láìyí ojú sí mi.

"Ta ló wà ní yàrá?"

"Kò sẹ́ni kankan, Ìyá. Ó ṣófo."

Ìyàwó Bàbá kékeré gbójú sókè. "Ì bá ti ṣófo nígbà yẹn," ló wí.

 Ìyá mi na ọwọ́ sí mi, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ìyàwó náà lọ́wọ́ mú, ìyẹn kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Harobanda.